Orúkọ Kìíní Lára Òkúta Ballinadurra

Fintan Tarpey, Akíkanjú-ẹ̀yìn-ogun, Baba Ìbọn-ti-dákẹ́! Nígbà tí ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì wà ní ìlú Ballinadurra, kò sẹ́ni tó rí ọkùnrin yìí. Wọ́n kó lọ tán, ló bá di pé òun ló lé wọn. Lọ́dọọdún ni iye ọ̀tá tó ní òun pa lórí afárá ìlú ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òkú kì í bímọ.

Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ìlú fẹ́ ṣí òkúta ìrántí fún àwọn méje tó lúgọ de ṣọ́jà ní afárá náà. Tarpey ló ra òkúta. Wọ́n kọ orúkọ tirẹ̀ sí òkè pátápátá, wọ́n sì yọ ti Colm Lavelle, tó kú sórí afárá náà gan-an, kí àyè lè gbà á. Àwọn méjì tó ṣẹ́kù nílùú nínú àwọn tó jà ń mu ọtí ọ̀fẹ́ nílé ọtí Tarpey. Ẹnu jẹ, ojú tì. Brídín, opó Colm, bẹ ìgbìmọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní kó máa gbàdúrà.

Ọjọ́ ìṣíṣọ pé. Inú Tarpey dùn débi pé bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ fẹ́ já.

"Ẹ̀yin ará ìlú, inú kòtò ni mo sùn mọ́jú ọjọ́ ìjà, tèmi tìbọn!"

Brídín dìde. "Fintan, èmi ni mo gbé oúnjẹ wá fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kí lo jẹ?"

Ìbéèrè náà rọrùn lójú Tarpey. Kí tún ni akọni ń jẹ, bí kò ṣe ohun tí òun fẹ́ràn?

"Háà, Màmá Brídín! Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ yín yẹn! Ègé mẹ́rin ni mo jẹ, mo tún lá ìka!"

Fáda Devane, tó wá bùkún òkúta, gbé omi mímọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Fintan, ọjọ́ Jímọ̀ ni Colm kú. Nínú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì."

Àágùn bo Tarpey. Ní Ballinadurra, èèyàn lè parọ́, ó tiẹ̀ lè jalè díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ jẹ ẹran lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ìjọ kà á léèwọ̀?

"Fáda, ẹ wò ó, ebi ló…"

"Búrẹ́dì gbígbẹ ni mo gbé lọ," ni Brídín wí. "Ó yá, yan ọ̀kan. Ṣé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ẹ́ ni, àbí òpùrọ́?"

Tarpey wo iwájú, ó rí ìyá rẹ̀ arúgbó tó di rósárì mú, tí ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ẹ̀rù bà á ju ti ìbọn lọ.

"Mi ò jẹ ẹran o! Mi ò sí níbẹ̀ rárá! Abẹ́ ibùsùn màmá mi ni mo wà!"

"Òótọ́ ló sọ, Fáda," ni ìyá rẹ̀ fi ìgbéraga dáhùn. "Ẹja ni mo ń tì sí i lábẹ́ ibẹ̀."

Ẹ̀rín pa gbogbo èrò. Brídín nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ bá ẹni tó kọ orúkọ sára òkúta, ó ní kó lọ mú òòlù rẹ̀ wá.