Ẹ̀rọ Tó Wà Lórí Láìnì Kẹrìnlá

Bí mo tilẹ̀ gbàgbé ọ̀nà ilé wa ní Bódìjà, mi ò lè gbàgbé ọjọ́ tí mo dúró níwájú àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ kan ní Dùgbẹ̀, tí mo fi ẹnu ara mi kó bá ara mi.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi kò le lójú mi. Ogójì láìnì fóònù ni iléeṣẹ́ náà ní. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé kí n fi kọ̀ǹpútà pe gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n wò ó bóyá ẹ̀rọ àtijọ́ kan tó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ fóònù ṣì ń dáhùn níbì kan, torí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni olè máa ń gbà wọlé sínú kọ̀ǹpútà wọn. Bí mo bá ṣe é yanjú, wọ́n á gbà mí fún ọdún kan gbáko. Mo sì ti ń wáṣẹ́ fún ọdún méjì.

Báwo ni kọ̀ǹpútà yóò ṣe mọ èèyàn yàtọ̀ sí ẹ̀rọ? Mo lo ọgbọ́n orí. Èèyàn á ní "Hẹ́lò," á dákẹ́, á máa retí èsì. Ẹ̀rọ kì í dákẹ́. Torí náà, ohun tó bá dún fún ogún ìṣẹ́jú àáyá láìdánu dúró, ẹ̀rọ ni. Kó má baà sí àṣìṣe, mo ní kí kọ̀ǹpútà pe irú láìnì bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Èyí tí wọn ò bá sì tètè gbé, kó fò ó. Ọmọ Ìbàdàn ni mí o, àárín àwọn àgbàlagbà ni mo dàgbà sí. Ibi tí mo gbé ọpọlọ mi sí lọ́jọ́ náà, èmi náà ò mọ̀.

Láìnì kẹrìnlá nìkan ló mú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè é, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni ohùn ń dún lọ láìdẹwọ́. Mi ò fi etí ara mi gbọ́ ọ o. Mo kàn fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ sínú àbọ̀ iṣẹ́ mi pé: "Ẹ̀rọ tó ti gbó, tó léwu. Kí ẹ gé e dànù kíákíá."

Nígbà tí mo kà á tán fún àwọn ọ̀gá, máníjà ní, "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohùn ẹ̀rọ yìí." Ó pe láìnì náà, ó sì jẹ́ kó máa dún síta.

"Ẹ káàárọ̀ o! Ṣé dáadáa lẹ jí? Ilé ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ kú ooru, ẹ kú àìsí iná..."

Màmá tó ń tọ́jú fáìlì nísàlẹ̀ ni! Àwọn ọ̀gá ń dá fóònù lóhùn: "A dúpẹ́ mà, ẹ káàárọ̀ mà." Máníjà fúnra rẹ̀ ti ń dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kó tó rántí ibi tó wà.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ń pè mí láti àná tẹ́ ẹ ò fọhùn?" Màmá bèèrè. "Mo ti ń gbààwẹ̀ lé e lórí o. Wòlíì wa ní ọ̀tá ni."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ojú tì mí débi pé ó wù mí kí n wọ abẹ́ tábìlì. Máníjà tún rọra ka "ẹ̀rọ tó ti gbó" jáde, ó ní kí n lọ bẹ Màmá kí n tó máa lọ sílé.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín fáìlì. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Ẹ̀rọ ni mo ń wá."

"Ẹ̀rọ wo? Ṣé èyí tó máa ń han fííì síni létí, tá a bá pe láìnì yàrá ẹrù?"

Mo gbórí sókè láti ilẹ̀. "Ẹ ti gbọ́ ọ rí, mà?"

"Ó máa ń pẹ́ kó tó dáhùn. Màá ti ka Sáàmù kan tán. Ìwọ ni o ò ní sùúrù."

A wọ yàrá ẹrù lọ. Ẹ̀rọ náà ló jókòó síbẹ̀ lóòótọ́, eruku bò ó, kọ̀ǹpútà mi sì ti fò ó kọjá torí pé kò tètè dáhùn.

Wọ́n gbà mí fún ọdún kan náà, ṣùgbọ́n máníjà kọ ọ́ sínú àdéhùn pé Màmá ni kó máa yẹ iṣẹ́ mi wò. Mo ti kọ́gbọ́n: kéèyàn fi etí ara rẹ̀ gbọ́ kó tó fẹ̀sùn kan láìnì, kó sì jẹ́ kí fóònù dún tó. Màmá ò mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dá àbọ̀ iṣẹ́ mi padà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ní mi ò kí ẹni tó máa kà á. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì bẹ̀rẹ̀ ojú ìwé kìíní pẹ̀lú "Ẹ káàárọ̀ o, ṣé dáadáa lẹ jí?"