Ọ̀kẹ́rẹ́ Tí Láṣebìkan Kò Rí

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́? Ẹ ti ń pa á lówe tipẹ́, ṣùgbọ́n ta ló ti béèrè nínú yín rí pé, ta gan-an ló rí ọ̀kẹ́rẹ́ tó ní iké? Ẹ fara balẹ̀. Arógundádé ni, àgbẹ̀ oníṣu kan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, owú ló sì gbé e dé ibi tó ti rí i.

Láṣebìkan, aládùúgbò rẹ̀, ló kọ́kọ́ kó ìyàwó àtọmọ lọ sí igbó ọba tó wà létí òkun. Ọba ibẹ̀ ti fòfin de ọdẹ nínú igbó náà. Ńṣe ni wọ́n ń tọ́jú àwọn ẹranko kí tọmọdé tàgbà lè máa wá wò wọ́n. Nígbà tí Láṣebìkan padà délé, ẹnu rẹ̀ ò pa dé mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbé ẹmu lọ bá a, kó lè tún sọ ti ìjàpá òkun tó tóbi tó odó, tó wọ́ jáde látinú ìgbì, tó ń yé ẹyin sínú iyanrìn.

Àwọn ọmọ Arógundádé gan-an ló ń jókòó síwájú jù. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń jẹun, àbíkẹ́yìn rẹ̀ bi í pé, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ̀yin ò rí nǹkan kan rí?"

Arógundádé ju òkèlè iyán ọwọ́ rẹ̀ padà sínú àwo.

"Àbẹ̀jẹ́!" ó pe ìyàwó rẹ̀. "Di ẹrù. Etí òkun là ń lọ."

"Nínú òjò yìí, Bàbá Tọ́ṣọ̀ọ́? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi Láṣebìkan léèrè ìgbà tó dáa láti lọ."

"Kí n bi ta? Ṣé òun ló ni òkun ni?"

Ohun tí Láṣebìkan ṣe ni Arógundádé fi wọn gbogbo ètò ìrìn àjò náà. Láṣebìkan mú ìyàwó àtọmọ lọ. Òun á mú ìyá òun arúgbó kún un. Láṣebìkan fún àwọn olùṣọ́ igbó ní àkùkọ; òun á fún wọn ní òbúkọ. Àbẹ̀jẹ́ bi í bóyá kí àwọn mú ẹní dání.

"Láṣebìkan mú ẹní?"

"Ó mú un."

"Ẹ gbé àkéte."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé àkéte o! Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi parí ìrìn náà. Òbúkọ kọ̀, kò jókòó. Ìyá àgbà kọ̀, kò dìde lórí àkéte tí wọ́n gbé sáàárín ọkọ̀. Òjò ń pa gbogbo wọn. Níbi tí Arógundádé ti ń bá òbúkọ jà, fìlà rẹ̀ aláwọ̀ aró jábọ́, òbúkọ sì fi eyín dá ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbàgà.

"Má nà án," ìyá rẹ̀ wí láti orí àkéte. "Ebi ló ń pa á."

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, òjò ti dá. Olùṣọ́ igbó wò wọ́n, ó wo àkéte, ó gba òbúkọ, ó sì dúpẹ́. Ó wá ní, "Ẹ kú ìrìn. Àmọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìjàpá òkun ń gòkè wá o. Àwọn ọ̀bọ pẹ̀lú ti sá òjò wọ igbó lọ́hùn-ún. Ṣé ẹni tó júwe ibí fún yín ò sọ bẹ́ẹ̀ ni?"

"Mi ò bi í," ni Arógundádé wí.

Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Kí ló fẹ́ sọ nílé? Pé òun rí omi? Ó dojú fìlà rẹ̀ kọ òkè, ó sì sá a sórí kùkùté igi kan, àwọn ọmọ sì da ẹ̀pà tí wọ́n ń jẹ sínú rẹ̀ kí iyanrìn má bàa kàn án. Bí wọ́n ṣe kọjú sókun báyìí, ọ̀kẹ́rẹ́ kan yọ́ wá, ó kó sínú fìlà. Ẹ̀pà dùn, ó wọlé tán pátá. Nígbà tó fẹ́ jáde, ihò òbúkọ ló gbà yọ orí. Ó fò sílẹ̀, fìlà sì ká jọ sí i lẹ́yìn gègèrè.

"Yéè! Abuké ọ̀kẹ́rẹ́!" Arógundádé fò sókè. "Láṣebìkan ò rí èyí! Ẹ wò ó dáadáa o, ẹ̀yin ọmọ!"

"Bàbá Tọ́ṣọ̀ọ́," Àbẹ̀jẹ́ rọra wí, "fìlà yín mà nìyẹn."

"Fìlà wo? Iké ni!"

Ó gbá tẹ̀ lé e. Ọ̀kẹ́rẹ́ yà sínú ẹrẹ̀, òun náà yà sínú ẹrẹ̀, ó sì rì dé ìbàdí. Ibẹ̀ náà ló ti ń rẹ́rìn-ín, tó ń nawọ́: "Ẹ wo bó ṣe ń gbé iké sáré!" Ìyá rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ní òun náà rí i, pé ẹ̀dá náà ṣe òun láàánú.

Nígbà tí wọ́n délé, ọ̀dọ̀ Arógundádé ni ẹmu wá ń lọ. Iké náà ń ga sí i lójoojúmọ́. Láṣebìkan ń jókòó lẹ́yìn, ojú rẹ̀ ń pọ́n, títí tí kò fi lè mú un mọ́ra mọ́.

"Irọ́ ni! Èmi náà ṣáà dé igbó yẹn. Ìyá Tọ́ṣọ̀ọ́, olóòótọ́ la mọ̀ ọ́ sí. Ṣé o rí ọ̀kẹ́rẹ́ tó ní iké?"

Àbẹ̀jẹ́ wo ojú ọkọ rẹ̀ tó ń bẹ̀ ẹ́, ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n rọ̀ mọ́ orúnkún bàbá wọn, ó sì gbé ẹ̀rín mì.

"Lóòótọ́ lẹ débẹ̀," ó wí. "Bóyá ibi tí àwa rìn dé ló jìnnà díẹ̀ ju tiyín lọ."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n rí Láṣebìkan tó gbé ẹrù rù nínú òjò wẹliwẹli, tí ìyàwó rẹ̀ ń ké pè é padà. Wọ́n bi í pé níbo ló ń lọ. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

"Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́!" ó kígbe. "Bí mo bá rìn jìnnà ju tirẹ̀ lọ, abuké erin lèmi ó rí!"