Àna, Ikún àti Ìbọn Atẹ́gùn

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Láníyì, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń gbé ní Kado ní Àbújá, lúgọ sẹ́yìn tàǹkì omi nínú àgbàlá rẹ̀, ó na ìbọn atẹ́gùn sí ọ̀kánkán ebè àgbàdo mẹ́rin tí ó wà lẹ́bàá géètì. Màmá Ìbídùnní, ìyá ìyàwó rẹ̀ tí ó ti Kàbà wá tọ́jú ọmọ tuntun, jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀. Ikún ti hú hóró àgbàdo tí Màmá gbìn jẹ lẹ́ẹ̀mejì, Màmá sì ti búra pé bí ó bá hú ẹlẹ́ẹ̀kẹta, òun yóò wọkọ̀ padà sí Kàbà lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé yẹn gan-an ni Ìbídùnní yóò padà sẹ́nu iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni Mofẹ́olúwa ọmọ wọn kì í sùn lẹ́yìn ẹlòmíràn àfi lẹ́yìn ìyá àgbà. Ikún ni Láníyì dojú ìbọn kọ, ṣùgbọ́n Màmá ni kò fẹ́ kí ó bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

“Ẹ kú ọdẹ o, Bàbá Mofẹ́.”

A kì í kọ ẹ̀yìn sí àna dá a lóhùn. Láníyì sọ ìbọn kalẹ̀, ó yíjú sí i, ó tẹrí ba. “Ẹ ṣeun, mà.”

Ó tún gbé ìbọn sí èjìká.

“Ẹ kú ìnàró.”

Ó sọ ọ́ kalẹ̀. “Ẹ ṣeun, mà.”

“Ẹ kú ìfojúsọ́nà.”

“Ẹ ṣeun, mà. Ẹ jọ̀wọ́, mà, irú ọdẹ yìí, ìdákẹ́jẹ́ ni ó ń fẹ́.”

“Hẹn-ẹn! Ẹ kú ìdákẹ́jẹ́.”

Láníyì gbójú sókè ọ̀run, ó sì tún gbé e wálẹ̀. “Ẹ ṣeun, mà.”

Ó di ẹnu ìbọn mú, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ kí ó lè ki ọta sí i. Ìbọn náà là sí méjì, “káú!”

Màmá dìde fùú. “Ẹ ti dá a! Ìbọn olóhun! Ẹ ti dá ìbọn tí ẹ yá!”

“Kò dá, mà. Bí a ṣe ń fún un ní atẹ́gùn nìyẹn.”

“Atẹ́gùn? Ẹ̀tù rẹ̀ ńkọ́?”

“Kò ní ẹ̀tù, mà. Atẹ́gùn ni ó ń ti ọta jáde.”

Màmá padà jókòó, ó ro ọ̀rọ̀ náà. “Ẹ̀yin sì ní fáànù ńlá ní pálọ̀. Ẹ ò kúkú gbé e jáde?”

“Kì í ṣe irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀, mà. Ẹ fọkàn balẹ̀. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni mo ti wò lórí fóònù. Àwọn baba wa ti wí i tẹ́lẹ̀, ikún ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ikún ń rẹ́dìí, kò mọ̀ pé ohun tí ó dùn ni ó ń pani.”

“Ikún ọlọ́gẹ̀dẹ̀ nìyẹn. Tiwa yìí, àgbàdo ló ń jẹ.”

“Ọ̀kan náà ni wọ́n, mà. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí ó má gbọ́ ohùn wa. Ẹranko inú ihò, bí ewé bá já lókèèrè, ó ti gbọ́.”

“Ẹranko wo?”

“Ikún, mà.”

Màmá bú sẹ́rìn-ín tí ọmọ fi ń jó lẹ́yìn rẹ̀. “Bàbá Mofẹ́! Ṣé wọn ò sọ fún yín lórí fóònù pé adití ni ikún? Láti kékeré ni a ti ń sọ ọ́, ẹni tí a bá ń bá wí tí kò dáhùn, a ní ó kọ etí ikún. Àbí gbogbo Yorùbá ni wọ́n jókòó tí wọ́n jọ parọ́ mọ́ ikún?”

“Àṣà ọ̀rọ̀ lásán ni, mà. Ikún ní etí. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi.”

“Ìkòkò ọbẹ̀ mi náà ní etí. Ẹ pè é, kí a wò ó bí yóò jẹ́.”

Láníyì mọ èsì tí ó yẹ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹnu ọkọ ọmọ kọ́ ni èsì bẹ́ẹ̀ ti ń jáde.

Nígbà náà ni orí kékeré kan yọ láàárín ebè.

“Ó ti yọjú, mà,” ni Láníyì sọ wúyẹ́wúyẹ́.

“Níbo?” ni Màmá kígbe. “Kai! Olè! Ẹ yìn ín níbọn! Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀! Àgbàdo mi ló fi sanra bẹ́ẹ̀ yẹn!”

Orí náà wọlẹ̀ wẹ́rẹ́.

“Ó ti lọ, mà.”

“Ẹ̀yin lẹ ò tètè yìn.”

“Ó gbọ́ ariwo, mà.”

“Ariwo wo? Ẹ̀yin ni ó rí. Ikún ò gbọ́ràn, ṣùgbọ́n ó ń ríran. Ẹ wo ẹ̀wù pupa tí ẹ wọ̀ wá bá a.”

“Ẹ̀wù bọ́ọ̀lù mi ni, mà.”

“Ṣé bọ́ọ̀lù lẹ fẹ́ bá a gbá?” Màmá fa ìró kan yọ lórí okùn tí wọ́n sá aṣọ sí. Aṣọ aláwọ̀ ewé ni, wọ́n ya àkùkọ ńláńlá sí gbogbo ara rẹ̀. “Ẹ gbà, ẹ dà á bora. Yóò rò pé koríko ni yín.”

“Màmá, ìró yín kẹ̀?”

“Àbí aṣọ mi kò tó yín í dà bora ni?”

Kíá ni Láníyì gba ìró. Ó dà á bora, ó so ó mọ́ ọrùn, ó sì padà sẹ́yìn tàǹkì, àkùkọ kan ní àyà, àkùkọ méjì ní ẹ̀yìn. Ó ń gbàdúrà kí aládùúgbò kankan má ṣe yọjú lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

“Ó yẹ yín,” ni Màmá wí. “Ẹ kú ìmúra.”

“Ẹ ṣeun, mà.”

Láníyì rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Kò lè ní kí àna òun dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu tí ó bá ń jẹun, ṣé kò ní í dá ọ̀rọ̀ dúró fúngbà díẹ̀? Ó sáré wọ ilé ìdáná, ó bu ẹ̀pà sínú abọ́, ó tẹrí ba, ó gbé e fún un.

“Ẹ máa fi èyí panu, mà. Ẹ rọra máa jẹ ẹ́.”

“Ọmọ dáadáa! Ẹ ṣeun, Bàbá Mofẹ́.”

Láníyì dé ẹ̀yìn tàǹkì, inú rẹ̀ dùn sí ọgbọ́n tí ó dá. Àṣé ẹ̀pà tí a kò tíì pa èèpo rẹ̀ ni ó bù.

“Pọ́!” Màmá pa ọ̀kan. “Ẹ wá jẹ ẹ̀pà o.”

Ìyẹn náà, dandan ni kí ènìyàn dáhùn. Láníyì sọ ìbọn kalẹ̀, ó yíjú. “Á gba ibi ire, mà.”

“Pọ́! Ẹ bá mi jẹ ẹ̀pà.”

“Á gba ibi ire, mà.”

“Pọ́! Ẹ̀pà yìí dùn o. Ẹ ò ní jẹ ẹ́ lóòótọ́?”

“Á gba ibi ire, mà! Ẹ jọ̀ọ́, mà, kí a má baà jí ọmọ.”

“Mofẹ́ yìí? Bí ilé bá wó, kò ní jí. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ kọ́ ló wà, ẹ̀yìn mi ni. Ìjẹta tí ẹ ní kí ẹ bá mi pọ̀n ọ́n ńkọ́? Ó ké títí àwọn ará ilé kejì fi wá bi wá pé ta ni ó kú.”

Ọ̀rọ̀ yìí gún Láníyì nínú. Òtítọ́ ni. Ó ro ọjọ́ Ajé, ó ro igbe Mofẹ́, ó ro ojú Ìbídùnní nígbà tí yóò dé láti ọjà ẹja tí ó lọ, tí yóò bá ìyá rẹ̀ nídìí ẹrù dídì. Ó kọ ẹ̀yìn sí ohun gbogbo, ó na ìbọn, ó di ojú kan pa.

Ikún sì jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe orí nìkan. Ó bọ́ sórí ebè pẹ̀lú ìrù rẹ̀, ó jókòó, ó ká ọwọ́ méjèèjì sí àyà bí àlejò tí wọ́n ní kí ó dúró de oúnjẹ. Láníyì mí sínú. Ó fi ìka kan ibi tí a ti ń fa ìbọn.

“Bàbá Mofẹ́—”

“Ẹ DÁKẸ́!”

Ó ti bọ́. Ẹyin tí ó bọ́ lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀, kò ṣeé kó. Ikún wọ ihò. Ẹ̀pà dúró láàárín ọwọ́ àti ẹnu Màmá. Jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì, tí kò dákẹ́ láti àná, dàbí ẹni pé ó fetí sílẹ̀.

Láníyì gbé ìbọn ti ògiri, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tútù, òun àti gbogbo àkùkọ ara rẹ̀.

“Ẹ forí jì mí, mà! Ikún ni mo ń bá wí!”

Màmá dá ẹ̀pà padà sínú abọ́.

“Ẹ̀yin kọ́, mà. Bí mo bá bá yín wí bẹ́ẹ̀, kí ahọ́n mi wú!”

Màmá kò fọhùn. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó nàka sí ọ̀nà ẹ̀yìn Láníyì.

“Géètì? Ẹ fẹ́ lọ? Ẹ má lọ, mà! Ẹ wo ti Mofẹ́!”

Màmá mi orí. Ó tún nàka, ó sì fi ọwọ́ ṣe bí ẹni tí ó ń hú nǹkan jáde.

“Ẹ fẹ́ kó ẹrù jáde? Lónìí? Ẹ má kó o, mà! Màá dá ìbọn padà kí ilẹ̀ tó ṣú!”

Màmá fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́nu, ó ń mi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kíákíá.

“Ebi? Ebi ń pa yín? Ẹja ni Ìbídùnní lọ rà, mà! Gbogbo orí ẹja, tiyín ni! Ìrù rẹ̀ náà, tiyín ni!”

Ọwọ́ méjèèjì ni Màmá fi nàka wàyí, ó ń jó lórí àpótí tí Mofẹ́ fi ń mì lẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ ó gbé Mofẹ́ náà lọ? Háà, mà! Ẹ jẹ́ kí n gbin àgbàdo mìíràn fún yín! Èmi fúnra mi! Láràárọ̀ ni màá máa bomi rin ín kí n tó lọ síbi iṣẹ́! Ẹ má jẹ́ kí n ké jù báyìí lọ, mà!”

Ó sì ń ké. Ohùn rẹ̀ kọjá ògiri, ó kọjá òpópónà. Níkẹyìn, Màmá na ìka kan sókè, ó dúró bẹ́ẹ̀, bí ọmọ iléèwé tí ó fẹ́ bi tíṣà ní ìbéèrè. Ó fọwọ́ kan ètè ara rẹ̀, ó sì wo Láníyì.

“Ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ ni? Ẹ sọ ọ́, mà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀!”

Màmá mí kanlẹ̀. “Ó ti jẹ ẹ́ tán.”

“Kí ni, mà?”

“Ikún. Bí ẹ ṣe dọ̀bálẹ̀ báyìí, bẹ́ẹ̀ ló jáde. Nígbà tí ẹ ń bẹ̀ mí pé kí n má kó ẹrù, ó ti wà lórí ebè kejì. Nígbà tí ẹ fún mi ní ìrù ẹja, ó ti dé ebè ìkẹyìn.”

Láníyì yí orí rẹ̀ padà láti orí ilẹ̀. Gbogbo ebè ti ṣí sílẹ̀. Kò ku hóró kan.

“Ẹ rí i, mà?”

“Mo rí gbogbo rẹ̀.”

“Ẹ ò sì pariwo?”

“Ẹ ní kí n dákẹ́.”

Láníyì tún gbé ojú rẹ̀ dé ilẹ̀. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. “Ó di ọjọ́ Ajé nìyẹn, mà. Ẹ ti búra. Màá sìn yín dé ibùdókọ̀.”

Màmá pa ẹ̀pà kan.

“Ta ló ní òun yóò gbin àgbàdo mìíràn?”

“Èmi ni, mà.”

“Ta ló ní òun yóò máa bomi rin ín láràárọ̀?”

“Èmi náà ni.”

“Pẹ̀lú ìró mi yẹn lọ́rùn?”

Láníyì wo àkùkọ tí ó wà ní àyà rẹ̀. Ó ro igbe Mofẹ́. “Bí ó bá wù yín, mà.”

“Kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ṣẹlẹ̀ ní Àbújá, kí èmi wà ní Kàbà? Ọlọ́run yóò dárí ìbúra jì mí. Mi ò lọ síbì kankan.”

“Ẹ ṣeun, mà! Ẹ ṣeun gan-an ni!”

“Ẹ má tíì dìde. Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Gbogbo igbe tí ẹ ké yẹn, tí wọ́n gbọ́ ọ dé ọjà ẹja, ikún yẹn kò gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan. Adití ni àbí kì í ṣe adití?”

Láníyì wo ẹnu ihò. Ikún ti yọ orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú fún àgbàdo, ó ń wò wọ́n bí ẹni pé òun náà ń retí èsì.

“Adití ni, mà.”

“Ẹ kú ìgbọ́ràn o, Bàbá Mofẹ́.”