Pèrègún Tí Wọ́n Gbìn fún Èéfín

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ẹ máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà pé a kì í fi pèrègún pààlà fún èéfín. Ẹ á mi orí, ẹ á ní àgbà ló wí i. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín ló ti bèèrè rí ohun tó da pèrègún pọ̀ mọ́ èéfín? Ó dáa, ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó bá ní tábà lápò, kó fi í síbẹ̀ ná.

Ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Òkè-Ààlà. Iṣẹ́ oko ni iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ààlà pípa ni ìgbéraga wọn. Bí ẹni méjì bá ń jà sí ilẹ̀, Baálẹ̀ á ní kí wọ́n gé pèrègún wá, wọ́n á rì í mọ́ ojú ààlà, ìjà á sì parí. Títí dòní ló ń yà mí lẹ́nu. Igi kékeré tí ewúrẹ́ lè tẹ̀ wó, ọkùnrin tó gbé àdá lọ́wọ́ á dé iwájú rẹ̀, á dúró, á sì padà sílé. Nígbà tó yá, wọn ò fi mọ sí oko mọ́. Orogún méjì jà sí àdògán, wọ́n gbin pèrègún sáàárín ilé ìdáná. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò jà sí igi ọsàn, wọ́n rì í sí ìdí ọsàn, ẹ̀gbọ́n ń ká apá ìlà oòrùn, àbúrò ń ká apá ìwọ̀ oòrùn. Tọkọtaya kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ní wọ́n gbìn ín sínú yàrá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyẹn kì í ṣe fún etí ọmọdé.

Igi ọdán ńlá kan wà láàárín ìlú. Abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ayé ń fàbọ̀ sí bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, láti ta ayò, láti gbọ́ ẹni tó bímọ àti ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kẹ́rù jáde. Níbẹ̀ ni Ọdẹ́níran, ọdẹ àtijọ́ tí kò ṣọdẹ mọ́, máa ń jókòó. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ tẹ̀dó síbòmíràn. Bí ó bá wà nílé, ohùn adìyẹ nìkan ló ń gbọ́. Abẹ́ ọdán yìí ló ṣẹ́ kù tí ẹnikẹ́ni ti ń pe orúkọ rẹ̀. Láṣebìkan, ọ̀ta ayò, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, òun ló sì máa ń fi Ọdẹ́níran ṣe yẹ̀yẹ́ lójoojúmọ́.

"Òpè, ta! Àbí o ń dúró kí ọmọ ayò hù ni?"

Ọdẹ́níran á rẹ́rìn-ín, á ṣaná sí ìkòkò tábà rẹ̀.

Háà, ìkòkò yẹn! Bí Ọdẹ́níran bá fà á, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á wọnú lọ títí ẹ ó fi rò pé etí rẹ̀ ló kàn. Bí ó bá tú u jáde, èéfín á kọ́kọ́ yọ ní tẹ́ẹ́rẹ́, á wá fẹ̀, á máa yí po, á sì ga ju òrùlé lọ. Àwọn ọmọ á dá eré dúró. Àlejò á sọ ẹrù kalẹ̀ wò ó. Ọdẹ́níran fúnra rẹ̀ máa ń wò ó tìyanutìyanu, àfi bí ẹni pé kì í ṣe ẹnu òun ló ti jáde.

Láṣebìkan nìkan ni kì í wò ó. Àyà rẹ̀ kò gba èéfín. Bí ó bá ti fà á símú, àyà á fún un, èémí rẹ̀ á máa dún fée, fée. Lọ́jọ́ kan, ó wúkọ́ títí ó fi ṣubú lu ọpọ́n, ọmọ ayò sì fọ́n ká. Wọ́n gbé e lọ sílé, kò sì padà wá sábẹ́ ọdán mọ́. Ọdẹ́níran bá ẹlòmíràn ta ayò, ó tilẹ̀ borí, síbẹ̀ inú rẹ̀ kò dùn. Ayò wo ló kù tí kò sí ẹni tí yóò pe èèyàn ní òpè?

Àwẹ̀ró, ìyàwó Láṣebìkan, gba ilé Baálẹ̀ lọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Kí ẹ pẹ́ fún wa, Baálẹ̀. Ọkọ mi ń kú lọ nínú ilé, kì í sì í ṣe ikọ́ ló ń pa á, àárò abẹ́ ọdán ni. Ẹ bá wa fi òfin de tábà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fà á, kó lọ fà á lóko."

Ariwo ta. Àwọn afàtábà ní kò ṣeé gbọ́ sétí. "Ìta gbangba ni, kì í ṣe yàrá! Ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀ gbalasa, ṣé èéfín ò wá ní rí ibi gbà ni?"

Àwọn yòókù fèsì pé, "Gbogbo wa la ni gbangba. Imú tiwa náà, gbangba ló wà."

Ọdẹ́níran ń wo ìkòkò ọwọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá lé ìkòkò, wọ́n lé òun náà padà sọ́dọ̀ adìyẹ nìyẹn. Ó ti gbìyànjú àtijókòó síbẹ̀ láìfà á rí, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, díẹ̀ ló sì kù kó gbé ọmọ ayò mì. Bí wọn ò bá sì lé ìkòkò, Láṣebìkan ò ní padà wá mọ́ láé. Ọ̀rọ̀ náà sú u pátápátá.

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé ohun tó ń dà yín láàmú nìyí? Ẹ lọ gé pèrègún wá."

Wọ́n gbin pèrègún la abẹ́ ọdán já, apá kan fún àwọn afàtábà, apá kejì fún àwọn tí kì í fà á. Wọ́n gbé ọpọ́n ayò dábùú ààlà, Ọdẹ́níran jókòó níhìn-ín, Láṣebìkan jókòó lọ́hùn-ún. Baálẹ̀ na ọ̀pá sí ìkòkò náà, ó ní, "Èéfín, ààlà rẹ rèé. O ò gbọdọ̀ ré e kọjá." Gbogbo ìlú na ọrùn wò. Ọdẹ́níran ṣaná, ó fà á, ó tú u jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́: èéfín náà lọ títí ó fi dé ìdí pèrègún, ó dúró, ó mirí, ó sì padà sẹ́yìn!

Obìnrin kan kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Baálẹ̀ alára ṣí fìlà. Láṣebìkan mí kanlẹ̀, kò wúkọ́.

"Ọdẹ́níran," ó ní, "èéfín rẹ gbọ́n jù ọ́ lọ. Òpè, ta!"

Díẹ̀ ló kù kí Ọdẹ́níran bú sẹ́kún ayọ̀. Àwọn ará abúlé mìíràn ń rọ́ wá wo èéfín tó mọ òfin. Kò sí ẹni tó rántí pé ìgbà ọyẹ́ ni, àti pé láti ọ̀dọ̀ Láṣebìkan ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́.

Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ yí padà, èéfín ré ààlà kọjá lójú gbogbo ayé, kò tilẹ̀ tijú. Láṣebìkan bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Baálẹ̀ ní kí wọ́n mú arúfin wá, Ọdẹ́níran sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Baálẹ̀, ìdí mi kò kúrò níbi tí ẹ fi mí sí. Òun ló lọ."

Baálẹ̀ ronú. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọjá pèrègún ni òfin mú, èéfín kò sì lẹ́sẹ̀. "Pèrègún yẹn ló kúrú," ló wí nígbẹ̀yìn. Wọ́n gbin èyí tó ga, èéfín gba orí rẹ̀ kọjá. Wọ́n gbìn ín kó ki, èéfín gba àárín rẹ̀ yọ, ó tún gbé òórùn ewé dání. Ni Baálẹ̀ bá ní kí olúkúlùkù kó ẹní ilé rẹ̀ wá. Wọ́n fi ẹní ká àwọn afàtábà mọ́ yíká, wọ́n so ẹní náà mọ́ pèrègún, kò ku ibi tí eṣinṣin lè gbà, àfi ihò kan tí Ọdẹ́níran ń na ọwọ́ gbà ta ayò. Láṣebìkan kò rí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́, ọwọ́ nìkan ló ń rí. Ọwọ́ náà ló ń bú ní òpè.

Ẹ wá wo ìyanu. Nígbà tí èéfín wo ọ̀tún, tó wo òsì, tí kò rọ́nà, ó gbé orí sókè. Gbogbo àwọn tó wà nínú ẹní jùmọ̀ tú u jáde, ó sì dìde dúró bí òpó, ó funfun, ó ń lọ sókè láìmì. Àwọn arúgbó tí ojú wọn ti rí ogun lanu sílẹ̀. "Baálẹ̀ ti so èéfín mọ́lẹ̀ o!" Baálẹ̀ na àyà. Láyé mi, n kò tíì gbọ́ ohun tó ga tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn fi ẹnu lásán kọ́.

Òpó náà wọ inú ewé ọdán lọ. Inú ewé ọdán sì ni oyin wà. N kò sọ fún yín tẹ́lẹ̀, nítorí àwọn ará ìlú pàápàá ti gbàgbé. Láti ayé àwọn bàbá ńlá wọn ni oyin ti ń gbé òkè, tí èèyàn ń gbé ìsàlẹ̀, tí ẹnìkan kì í yọ ẹnìkejì lẹ́nu.

Ohùn kan kọ́kọ́ ń kùn lókè, húúún. Àwọn èèyàn rò pé èéfín ló fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n bá túbọ̀ tẹ́tí. Lẹ́yìn náà ni ojú ọjọ́ ṣú, oyin sì dà wálẹ̀ bí ìgbà tí àpò èlùbọ́ tú. Wọn ò wo ta ló ń fà á, wọn ò wo ta ni kì í fà á. Baálẹ̀ na ọ̀pá sí pèrègún, ó ní, "Oyin, ààlà—" Kò parí ọ̀rọ̀ tó fi ki orí bọ ilé adìyẹ. Orí wọlé, ìdí kò wọlé. Oyin ò sì jẹ́ kí ìyẹn ṣòfò.

Nínú ẹní, kò sí oyin kankan, èéfín ni kò jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ọdẹ́níran jókòó síbẹ̀ ní àlàáfíà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ihò. Nígbà náà ló gbọ́ fée, fée lódìkejì. Gbogbo ayé ti sá, Láṣebìkan nìkan ni kò lè sá, èémí kò gbé e. Ọdẹ́níran na ọwọ́, ó di tirẹ̀ mú. Bí ó bá fà á wọlé, èéfín á pa á. Bí ó bá fi í síta, oyin á pa á.

"Láṣebìkan!"

"Òpè," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ dáhùn, fée, fée, "ìwọ ló kàn."

Ọdẹ́níran sọ ìkòkò nù. Ó fa ẹní ya, ó bọ́ sáàárín oyin, ó fi ẹní náà wé Láṣebìkan láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni pọ́n ẹ̀kọ, ó sì gbé e kọ́ èjìká. Oyin ta á lórí, wọ́n ta á létí, ẹnu rẹ̀ tó ń rùn tábà ni wọ́n wá ta jù. Kò sọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ títí ó fi dé iwájú Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró tú ẹní, ó bá ọkọ rẹ̀ láìsí ibì kan tí oyin ti ta á. Ó gbójú sókè wo ẹni tó gbé e wá, ó ní, "Ẹ ṣeun o, Baba. Ta lẹ jẹ́?"

Lọ́jọ́ kejì, ìlú péjọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìpàdé yẹn! Aṣọ ni wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀. Baálẹ̀ dúró ni, kò lè jókòó, ojú kan ṣí, ojú kan dì. Ètè Ọdẹ́níran ti wú débi pé ìkòkò tábà ò lè rọ́nà wọ ibẹ̀. Ọkùnrin kan tí ìyà ò kọ́ lọ́gbọ́n wá bọ́ síwájú.

"Kí ẹ pẹ́, Baálẹ̀. Bóyá ká kúkú gbin pèrègún sí orí ọdán lọ́hùn-ún, kí oyin náà mọ—"

"Jókòó!" ni Baálẹ̀ wí.

"Èmi náà ò lè jókòó, Baálẹ̀."

"Dúró síbẹ̀ kí o gbọ́, nígbà náà. Mo pààlà fún ilẹ̀, ó gbọ́. Mo pààlà fún ọsàn, ó gbọ́. Mo pààlà fún orogún, àwọn náà gbọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n èéfín yìí, imú gbogbo wa ni oko rẹ̀. Láti òní lọ, èèwọ̀ ni tábà lábẹ́ ọdán. Ẹ sọ fún ọmọ yín, kí wọ́n sọ fún ọmọ tiwọn: a kì í fi pèrègún pààlà fún èéfín."

Ọdẹ́níran tẹrí ba, ó kọjú sí ọ̀nà ilé, ó ti ń gbọ́ ohùn adìyẹ lọ́kàn. Láṣebìkan di ẹ̀wù rẹ̀ mú lẹ́yìn, ọpọ́n ayò wà ní abíyá rẹ̀. Láti ìgbà náà, òwúrọ̀ ni Ọdẹ́níran ń fa tábà tirẹ̀ lóko, òun àti àparò. Bí ó bá dé abẹ́ ọdán, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, Láṣebìkan á kéde fún gbogbo ayé pé òpè ti ń bẹ̀rù.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ṣaná sí sìgá láàárín àwùjọ, tó sún sẹ́yìn díẹ̀, tó ní gbangba ni, afẹ́fẹ́ pọ̀, ẹ má bá a jà. Ẹ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ wo òkè igi dáadáa, kí ẹ sì mọ ibi tí ẹ ó sá gbà. Bí ó bá bèèrè pé kí ló dé, ẹ sọ fún un pé àgbà kan tí kò lè jókòó ló wí i: a kì í fi pèrègún pààlà fún èéfín.