Ìdọ̀bálẹ̀ Tísà Sylvanus Níwájú Ewúrẹ́

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, ẹ bá mi gbọ́ ọ. Ààfin la ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Baálẹ̀ ló ni ín tí òrùlé rẹ̀ sì ń jò. Abúlé wa kò jìnnà sí Ọ̀wọ̀, a kò ní tàbùkù ara wa. Veronica, Ìyá Ṣèyíọlá, ló pe ọkọ rẹ̀ lẹ́jọ́. Ọkọ náà ni Tísà Sylvanus, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ṣùgbọ́n tí kò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu agídí.

"Kí ló dé?" Baálẹ̀ bi í.

"Wọ́n ń ṣubú, Baálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa lo ọ̀pá, kí a kan igi ìdìmú mọ́ ògiri balùwẹ̀, kí wọ́n sọ sílípáàsì tó ti jẹ yẹn nù. Wọ́n kọ̀. Wọ́n láwọn ò ṣubú rí."

"Tísà, ṣé o ṣubú?"

"Rárá o. Mo dọ̀bálẹ̀ ni."

Àwọn ìjòyè bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀ẹ̀marùn-ún?"

"Ẹ̀kọ́ ilé ni, Baálẹ̀. Ìrẹ̀lẹ̀ ní í gbé ènìyàn ga."

"Èèyàn mẹ́ta ló gbé wọn!" Veronica pariwo.

Wọ́n pe Àbúdùlàhí télọ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kó wá jẹ́rìí.

"Ẹ gbà mí, Baálẹ̀. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni Bàbá nà gbọọrọ sí. Èmi náà sáré dọ̀bálẹ̀ fún wọn, àwa méjèèjì wá wà nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti ń sunkún pé èmi kékeré gba ìdọ̀bálẹ̀ àgbà."

"Kí ló sọ nígbà tó wà nílẹ̀?"

"Wọ́n ní, 'Yéè, ìdí mi!'"

"Tísà, ṣé ìkíni nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kíni ní Ìdóàní."

Ìjòyè kan fara ya. "Ará Ìdóàní ni ìyá mi. Kò kí mi bẹ́ẹ̀ rí!"

Ẹlẹ́rìí kejì ni Jemimah, aládùúgbò wọn. Tísà ló kọ́ ọ níwèé, ìdí nìyẹn tó fi wá gbè é.

"Tísà mi kì í ṣubú. Ọjọ́ tí mo bá wọn nílẹ̀ níwájú ewúrẹ́ mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò."

"Irọ́ ni!" Tísà bínú. "Mo ń kí i ni."

"O ń kí ewúrẹ́?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ṣé kí n má kí ìyá ìkókó ni?"

Baálẹ̀ wúkọ́. "Ó dáa. Ẹni tí a bá dọ̀bálẹ̀ fún, àgbà ẹni ni. Láti òní lọ, 'ẹ̀gbọ́n' ni wàá máa pe télọ̀. Láràárọ̀ ni wàá sì máa dọ̀bálẹ̀ kí ewúrẹ́ lójú gbogbo wa, wàá dìde láìsí ẹni tó gbé ọ. Àfi bó bá jẹ́ pé o ṣubú."

Ẹ̀rín tún sọ. Tísà kò rẹ́rìn-ín.

"Mo ṣubú," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀meje ni. Veronica ò mọ̀ nípa méjì. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Bàbá Ọmọ́túndé ọ̀rẹ́ mi ṣubú lẹ́ẹ̀kan péré, ó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mọ́tò dé láti Èkó. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n gbé e sí, wọ́n ní kó jókòó. Ó jókòó títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kú. Bí Ṣèyíọlá bá gbọ́ ní Àbújá, èmi náà lọ nìyẹn. Mi ò fẹ́ lọ."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Veronica fi etí ìró nu ojú.

"Bí wọ́n bá gbé yín lọ, ta ni kí n máa bá jà?"

Baálẹ̀ dá ẹjọ́. "Káfíńtà yóò kan igi ìdìmú náà lónìí. Tísà yóò máa fi ọ̀pá rìn wá síbí láràárọ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà kú. Ọjọ́ tí kò bá wá, èmi fúnra mi ni n ó pe Ṣèyíọlá. Àmọ́ ọmọ tó bá torí ìṣubú gbé àgbà kan kúrò níbí, gbogbo àgbà tó ti ṣubú ni yóò kó lọ. Ẹ̀yin ìjòyè tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹni tó ti ṣubú lọ́dún yìí, kó nawọ́ sókè."



Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ na ọwọ́ tirẹ̀. Ìjòyè tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Ìdóàní tẹ̀ lé e. Ọwọ́ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi pé méje nínú ìjòyè mẹ́jọ.

Baálẹ̀ kà wọ́n, ó mirí. "Ẹ sọ fún Ṣèyíọlá pé bọ́ọ̀sì ńlá ni kó gbé bọ̀."