Fọ́tò Ẹnu-Ọ̀nà Ọ̀gá Plaggenborg

Bí ìgbéraga bá ń so bí èso ni, ọkọ̀ ẹrù kan kò ní gbé ti Ọ̀gá Gisbert Plaggenborg tán ní ìlú Hollenbrock. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ọdún mẹ́fà gbáko ni elégédé rẹ̀ fi wúwo jù lọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ àwọn olọ́gbà, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi oyè ta ara rẹ̀ lọ́rẹ: Baba Elégédé, Agbìn-má-tàsé, Ẹnu-ọ̀nà-mi-kì-í-ṣe-tìrẹ.

Ọdún kan ló kù. Ẹni tó bá gba ipò kìíní lẹ́ẹ̀meje, wọn á kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó idẹ, wọn á sì kàn án mọ́ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ títí ayé. Baba ti lọ wọn ojú ibi tí wọn yóò kàn án sí. Ó tilẹ̀ ti bá wọn nu eruku ibẹ̀.

Àṣé ìgbín kò mọ nǹkan tí ń jẹ́ oyè. Nínú oṣù kẹjọ, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ìgbín wẹ́wẹ́ sì ya bo ọgbà bàbá, wọ́n jẹ elégédé rẹ̀ ku èèpo. Kí ni Agbìn-má-tàsé wá ṣe? Ó kọ̀wé sí àgbẹ̀ kan lọ́nà jíjìn pé kó fi elégédé ńlá kan ránṣẹ́.

Mirsada ló gbé e dé. Ọdún kẹsàn-án rèé tí obìnrin yìí ti ń kó ẹrù kiri ojúlé ní àdúgbò náà. Ó fi kẹ̀kẹ́ ọlọ́wọ́ ti àpótí onípákó tí elégédé wà nínú rẹ̀ dé ẹnu-ọ̀nà, ó kanlẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Bí ilé-iṣẹ́ wọn ti pa á láṣẹ, ó yọ fóònù, ó ya fọ́tò ẹrù náà níbi tó gbé e sí. Ìgbà náà ni bàbá yọ láti ẹ̀yìnkùlé.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Ẹ káàárọ̀ o, sà. Ẹrù yín ni mo yà, kí ilé-iṣẹ́ lè mọ̀ pé ó ti dé."

"Ẹnu-ọ̀nà ta nìyí?"

"Tiyín ni, sà."

"Ilẹ̀ ta lo dúró lé?"

"Tiyín ni."

"Ẹní ìnusẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Tiyín náà ni. Ẹsẹ̀ mi nìkan ni tèmi níbẹ̀, sà."

"Pa fọ́tò yẹn rẹ́ kíá!"

"Kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Ó ti dé ilé-iṣẹ́."

Àyà bàbá já. Wọ́n fi àlàfo sáàárín pákó àpótí yẹn kí atẹ́gùn lè wọlé, ẹni tó bá sì wo fọ́tò náà dáadáa yóò rí elégédé. Ó jókòó, ó kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ akẹ́rù. Ó ní wọ́n ti tú ìkọ̀kọ̀ òun síta. Ó ní kí wọ́n pa fọ́tò náà rẹ́, kí wọ́n tọrọ àforíjì, kí wọ́n sì lé obìnrin náà. Ó tún ṣí ìwé òfin, ó ṣàdàkọ gbogbo ẹ̀tọ́ tó rí níbẹ̀ sínú lẹ́tà, kó lè wúwo dáadáa. Ohun tó dà kọ, kò kà á.

Ilé-iṣẹ́ sọ fún Mirsada pé bí oníbàárà yìí kò bá fa ẹ̀sùn rẹ̀ padà títí ọjọ́ Ajé, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Plaggenborg ní tirẹ̀ di akọni. Níbi tí wọ́n ti ń ra búrẹ́dì, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n dìbò fún un: "Lónìí, ẹnu-ọ̀nà ni. Lọ́la, yàrá ni!" Àwọn ènìyàn ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí ta ló fẹ́ kí àjèjì máa ya ilé òun? Ẹni tó ń sọ ọ́ ni kò mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí í ṣe ọjọ́ àjọ̀dún, pé. Wọ́n ń jẹ kéèkì alálùbọ́sà, wọ́n ń mu wáìnì tuntun. Elégédé bàbá gun orí òṣùwọ̀n: kílò mọ́kànlélọ́gọ́ta! Àpá kan wà lára rẹ̀ tó rí bí etí ènìyàn. Plaggenborg fọwọ́ pa á lára.

"Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń bomi rin ín ní àràárọ̀," ló wí.

Mirsada bá wá síwájú, aṣọ iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi. Ẹ bá mi fa ẹ̀sùn yẹn padà. Iṣẹ́ yìí nìkan ni mo ní."

"Ìwọ tó ta ìkọ̀kọ̀ mi lọ́pọ̀! Ó ku ohun tí ilé-iṣẹ́ yín bá wí."

"Wọ́n ti wí nǹkan o," ni Màmá Wessendorf, aládùúgbò bàbá, fi dá a lóhùn. Ó na àpò lẹ́tà ńlá kan sí i. "Ẹ ò sí nílé lánàá, mo bá yín gbà á. Ilé-iṣẹ́ akẹ́rù ló ti wá."

Ojú bàbá tàn yanran. Àforíjì dé! Ó gbé e fún Imke Rotermund, alága ẹgbẹ́, tí makirofóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kà á sókè, kí gbogbo ayé gbọ́!"

"Lẹ́tà ìkọ̀kọ̀ yín ni, Ọ̀gá. Ṣé ó dá yín lójú?"

"Plaggenborg kò ní nǹkan tó ń fi pa mọ́!"

Ẹnu ẹja ló ń pa ẹja. Imke, tí kì í fi òfin ṣeré, ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbà. Ó kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i gàdàgbà. Imke bá tú lẹ́tà.

"'Ọ̀gá wa ọ̀wọ́n, a ti pa fọ́tò náà rẹ́. Gẹ́gẹ́ bí ẹ sì ti fi òfin béèrè nínú lẹ́tà yín, ẹ̀dà gbogbo ohun tí a ti kó pa mọ́ nípa yín rèé. Fọ́tò, ẹyọ kan, tí a tẹ̀ jáde kí a tó pa á rẹ́. Ohun tó wà nínú ẹrù: elégédé kan, kílò mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá olùtajà sọ, tó kọ sínú ìwé ẹrù: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lẹ orúkọ oko yín mọ́ ọn.'"

Ó gbé fọ́tò náà sókè. Láàárín pákó méjì, àpá bí etí ènìyàn yẹn hàn kedere. Gbogbo ojú kúrò lára fọ́tò, ó lọ sórí òṣùwọ̀n, ó tún padà wá.

"Wọ́n jọra o," ni Màmá Wessendorf wí.

"Àbúrò rẹ̀ ni!" ni bàbá fi ké.

Ẹ̀rín bú. Wáìnì dà sílẹ̀. Imke kọjú sí Mirsada. "O mọ̀ pé elégédé ló wà níbẹ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

"Tó o wá dákẹ́, tí wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ?"

"Ẹrù oníbàárà ni. Ìkọ̀kọ̀ wọn ni. Kì í ṣe tèmi láti sọ."

Imke ti bébà mìíràn síwájú bàbá. Agbìn-má-tàsé kọ ọ́ pé òun fa ẹ̀sùn òun padà, pé Mirsada kò ṣẹ òun. Mirsada ká ìwé náà sínú àpò, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Bí wọ́n ti ń gbé elégédé àlejò náà sọ̀kalẹ̀, fóònù bíi ogójì gòkè lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ má yà mí!" ni Plaggenborg ké. "Ẹ̀tọ́ mi ni! Òfin wà!"

Òfin wà lóòótọ́. Wọ́n sọ fóònù wọn kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì dúró, wọ́n ń wò ó.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ọ̀gá," ni Màmá Wessendorf wí. "A ò yà yín. Ojú lásán la fi rí i, ìyẹn ni ò ṣeé pa rẹ́."