Etí Fèrèsé Halvdan Rosenkrone

Ẹ̀yìn ìka ni. Kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́. Àtẹ́lẹwọ́ wà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Ó gbé ẹ̀yìn ìka kan ṣoṣo lé pákó náà, ó fà á jẹ́jẹ́ láti ojú igi kan dé èkejì, bí ẹni ń fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ìkókó. Ó dúró. Ó gbé ìka náà sí imú. Ó fín in, ó dijú. Lẹ́yìn náà ó la ojú kan, ọ̀kan péré, láti mọ̀ bóyá oníkámẹ́rà ìwé ìròyìn ti yà á. Kò tíì yà á. Ó tún un bẹ̀rẹ̀.

Halvdan Rosenkrone nìyẹn. Ayàwòrán ilé láti Oslo. Ọ̀rẹ́ Igi. Àna Yìnyín. Ọkùnrin tí kì í sọ pé òun ń kọ́lé, àfi pé òun ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ó wá sí Skarvnes, ìlú wa létí òkun àríwá, láti kọ́ ilé ìtura onígi fún àwọn arìnrìn-àjò tó ń wá wo oòrùn tí kì í wọ̀. Ilé tí kò ní pa ayé lára, ó ní. Kò sí kọnkéré. Igi ilẹ̀ yìí ni gbogbo rẹ̀, ó ní.

A wojú ara wa. Igi tó ga jù lọ ní Skarvnes ni òpó àsíá. Ọkọ̀ òkun ló kó igi Halvdan wá láti gúúsù, ọjọ́ mẹ́fà gbáko. Ṣùgbọ́n a gbé kọfí wá. Àlejò tó bá ń purọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, kọfí la kọ́kọ́ ń fún un.

Ohun tó kàn wá gan-an ni ilé ọkọ̀ Mama Torbjørg. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mama. Ibẹ̀ ló ti ń tún ọkọ̀ ìpẹja ṣe láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ibẹ̀ ló sì ti ń jẹun. Ilé pákó pupa, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi. Ìlú ló ni ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Halvdan fẹ́ ilẹ̀ náà fún ogún yàrá mìíràn, ìgbìmọ̀ ìlú sì ti gbà: tí ayẹyẹ ìṣílé bá lọ dáadáa, ọjọ́ náà gan-an ni olórí ìlú máa fọwọ́ sí ìwé lójú gbogbo ayé. Wọ́n á wó ilé ọkọ̀ náà ní ọjọ́ kejì.

"Mama, ẹ má bínú," Halvdan sọ fún un, "ilé yín yẹn ń ba ojú ilé ìtura mi jẹ́."

"Ilé tí a ò tíì parí ti lójú?"

"Ojú ló fi wá sáyé, mama."

"Ó dáa. Kó máa wò mí. Bóyá á kọ́ṣẹ́."

Lóòótọ́, ojú ilé náà ni gbogbo ìgbéraga rẹ̀. Abẹ́ fèrèsé kọ̀ọ̀kan ni Halvdan fi pèpéle pákó kan sí, ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ àgbàlagbà, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ìpele lórí ìpele títí dé òrùlé. Ó ní òun ń fara wé bèbè àpáta etí òkun.

Ánte gbẹ́nàgbẹ́nà ṣí fìlà. Ọmọ ẹ̀yà Sámi, àwọn onílẹ̀ àríwá, ni Ánte, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí etí fèrèsé yìí dà gẹ̀rẹ́ síwájú. Gbogbo ilé ìlú yìí ló dà gẹ̀rẹ́."

"Nítorí kí ni?"

"Krykkje."

Krykkje ni ẹyẹ òkun wa: funfun, ṣóńṣó ìyẹ́ rẹ̀ dúdú bí ẹni tì í bọ tàdáwà. Bèbè àpáta tó tẹ́ pẹrẹsẹ ló ń kọ́ ìtẹ́ sí. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé ìlú sàn ju àpáta lọ. Ẹyẹ idì tó ń pa ọmọ wọn jẹ kì í wá ságbègbè báńkì.

"Ẹyẹ?" Halvdan rẹ́rìn-ín. "Ánte, ìṣẹ̀dá ni àlejò mi àkọ́kọ́. Mi ò ní lé ẹ̀dá kankan kúrò níbí láé!" Ó yíjú sí akọ̀ròyìn. "Ṣé o kọ ìyẹn sílẹ̀?"

Ó kọ ọ́. Ó jáde nínú ìwé ìròyìn ní ọjọ́ kejì.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá kọ́lé fún ojú, kó má sùn sínú rẹ̀. Bí wọn ò bá sì tíì sọ ọ́, àsìkò tó.

Halvdan ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣáájú àsìkò, nítorí náà tapólì ló bo ojú ilé náà jálẹ̀ ìgbà òtútù. Krykkje ti dé láti oṣù Kẹta. Wọ́n ń fò yí èbúté ká, wọn ò rí ibi tí wọ́n máa fìdí lé. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí ayẹyẹ wáyé, a tú tapólì. Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀. Nígbà tí agogo mẹ́sàn-án fi máa kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, tọkọtaya krykkje àkọ́kọ́ ti gba yàrá.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ogójì.

"Ọ̀gá," Ánte ní, "òní la ṣì lè ta àwọ̀n sójú ilé yìí. Wọn ò tíì kó koríko. Tí ìtẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, òfin ti dé nìyẹn. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án títí àwọn ọmọ fi máa fò. Ìparí oṣù Kẹjọ."

"Àwọ̀n? Ṣé ẹja ni mò ń tà?"

"Ọ̀gá, mo bẹ̀ yín."

"Ìwọ ò lójú ẹwà, Ánte."

"Mo lójú ìgbẹ́ ẹyẹ, ọ̀gá."

Kàkà kó ta àwọ̀n, ó ya fọ́tò. Òun àti ẹyẹ. Ẹyẹ àti òun. Ó pe Jorunn, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ àwọn ẹyẹ òkun, pé kó wá fún òun ní ìwé ẹ̀rí ọ̀rẹ́ ìṣẹ̀dá níbi ayẹyẹ. Jorunn ní òun á wá.

Ọjọ́bọ̀, àwọn ẹyẹ ń gbé ẹrẹ̀ àti koríko wá kọ́ ìtẹ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ ayẹyẹ, wọ́n pé ọ̀ọ́dúnrún.

Ẹ ò tíì gbọ́ ọ̀ọ́dúnrún krykkje tó ń jà sí ibùsùn rí? Ẹ fojú inú wo ilé ìwé tí gbogbo ọmọ ibẹ̀ mú fèrè lọ́wọ́, tí olùkọ́ sì ti sá lọ. Òórùn náà ńkọ́? Ẹja ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Igi tuntun Halvdan, tó pọ́n bí oyin, ti di funfun láti òkè délẹ̀.

Gbogbo ìlú péjọ síwájú ilé náà. Oòrùn mú, ọ̀run mọ́ gaara. Mama Torbjørg nìkan ló ta agboorùn.

"Mama, òjò ò rọ̀," ni mo wí.

"Á rọ̀."

Olórí ìlú dìde síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, lónìí—"

"Kí-tí-wéè! Kí-tí-wéè!" Àwọn ẹyẹ gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Òjò bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ti omi. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ bọ́ sójú kámẹ́rà. Èkejì bọ́ sórí edé tí bàbá kan láti Bergen fẹ́ fi jẹ búrẹ́dì. Ó wò ó, ó rọra gbé àwo sílẹ̀. Lókè, àlejò kan ṣí fèrèsé, ojú òun àti ẹyẹ mẹ́rin pàdé, ó ti fèrèsé.

"Ẹ fọwọ́ síwèé!" Halvdan ń pariwo. "Ìwé ilẹ̀ yẹn! Ẹ fọwọ́ sí i kíá!"

Olórí ìlú mú bírò. Ó tẹ̀ síwájú. Ẹrẹ̀ bọ́ sórí ìwé náà, pẹ̀lú koríko.

Ìyẹn ló tú u. Halvdan ki ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń nu fèrèsé mọ́lẹ̀, ó fi gbá etí fèrèsé. Ìtẹ́ kan já, ó bọ́ sórí àkàrà òyìnbó ayẹyẹ. Gbogbo ènìyàn wo àkàrà náà. Àwọn ẹyẹ túbọ̀ pariwo.

Jorunn bọ́ síwájú, ìwé ẹ̀rí wà ní abíyá rẹ̀.

"Ẹ gbé ọ̀pá yẹn sílẹ̀, ọ̀gá."

"Ilé ìtura mi ni!"

"Tiyín ni tẹ́lẹ̀, títí di Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Ìtẹ́ ti wà lórí ẹ̀ báyìí."

"Wọn ò sanwó!"

"Ẹ ní ẹ ò ní lé ẹ̀dá kankan láé. Mo kà á."

"Ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn nìyẹn! Ta ló fẹ́ ìṣẹ̀dá gan-an gan-an? Àwọn àlejò fẹ́ kí wọ́n wò ó látinú ibi tó móoru, kí wọ́n sanwó, kí wọ́n máa lọ! Ẹ̀yin ará oko yìí, ṣé ẹ rò pé tiyín ni mo bá wá?"

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà níwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pa á. Èbúté gbọ́. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ òkun tó ń wọlé bọ̀ gbọ́.

Halvdan gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń padà bọ̀ láti ara òkè. Ó yíjú láti sá. Ilẹ̀ yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ó fi ìdí jókòó sínú ohun tí gbogbo wa ti ń yẹra fún láti àárọ̀, tòun ti kóòtù òwú funfun. Ẹ̀rín sọ. Olórí ìlú fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Mama Torbjørg nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ bá a, ó na agboorùn sí i.

"Gbà. Wàá dá a padà o."

Olórí ìlú ò fọwọ́ síwèé. Jorunn gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ padà lọ sílé. Ilé ìtura náà wà ní títì títí di ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ, Halvdan sì ti padà sí Oslo ṣáájú ìgbà náà. Ìgbìmọ̀ ìlú fún Torbjørg ní ilẹ̀ rẹ̀ fún ogún ọdún. Láti ọdún náà, ìbéèrè tuntun kan wà nínú ìwé tí ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé ní Skarvnes gbọ́dọ̀ kọ ìdáhùn sí: báwo ni etí fèrèsé yín ṣe dà gẹ̀rẹ́ tó?